Fọ́ọ̀mù Inú Báàgì Ọwọ́-mi-dí

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó fẹ́ràn ipò ju oúnjẹ lọ. Kì í ṣe olè, kì í ṣe òpùrọ́, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Àìsàn ẹyọ kan ló ń ṣe é: kò lè rí iṣẹ́ oníṣẹ́ kó má gbà á ṣe, kò sì lè gbà á ṣe kí gbogbo ayé má gbọ́. Bí ẹ bá kí i, kò ní í sọ pé àlàáfíà ni. "Ọwọ́ mi dí" ni yóò fi dá yín lóhùn. Bí a ṣe sọ ọ́ ní Ọwọ́-mi-dí nìyẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún ìkẹyìn wa ní girama kékeré. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò àṣekágbá ni yóò bọ́ sí girama àgbà. Ọwọ́ gbogbo wa ló dí lọ́dún náà, ṣùgbọ́n tiwa kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Òun ni olórí kíláàsì, òun ló ń lu aago, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé, òun ló ń kọ orúkọ àwọn aláriwo. Orúkọ tèmi wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ibà dá mi dúró sílé. Kí n má purọ́, àwa náà jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí a bá fẹ́ sá fún, a ó ní òun nìkan ló lè ṣe é, yóò sì ṣe é.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹ̀rọ ìránṣọ sì gba ìdajì rẹ̀. Kí ìdánwò tó dé rárá ni ìyá yìí ti rán aṣọ girama àgbà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó ṣẹ́ etí rẹ̀ po dáadáa, kí wọ́n lè tú u bí ọmọ bá ń ga sí i, ó sì fi kọ́ sára ògiri lókè ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé jìnnà. Aṣọ yẹn ni gbogbo ìrètí rẹ̀.

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ dé, tíṣà wa ní kí Ọwọ́-mi-dí gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wa, kó kó wọn lọ fún akọ̀wé ilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá tèmi padà. Lákọ̀ọ́kọ́, yíǹkì kán sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní mo rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ọjọ́ ìbí mi kò hàn ketekete.

Tirẹ̀ ńkọ́? Àyè kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tí a ó kọ ipò tí a dì mú nílé ìwé sí. Àwa tó kù kọ "kò sí", a kọjá lọ. Ọwọ́-mi-dí kọ mẹ́fà, ó sì ku ẹyọ kan: wọn kò tíì yan alága ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ìdágbére, ó sì dá a lójú pé òun ni. Kò fẹ́ kí fọ́ọ̀mù òun lọ láìní ipò keje. Ó fi í sínú báàgì, ó ń retí ìbò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ, ó bi í bóyá ó ti fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

"Màámi, èmi ni mò ń gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Ohun tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn."

"Ọwọ́ mi dí, màámi."

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ó gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn ni ọjọ́ ìbò bọ́ sí. Láàárọ̀, ó kó fáìlì lọ fún akọ̀wé. Tíṣà bi í bóyá ó pé. Ó ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ méjìlélógójì, kò sí ẹni tí kò mú tirẹ̀ wá. Ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù kò rántí ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń mú un wá. Lọ́sàn-án, gbogbo wa dìbò fún un, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ, ó kọ ipò keje sí i lójú wa, ó dá a padà sínú báàgì, ó sì dìde láti dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí akọ̀wé fi ti ilẹ̀kùn lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ àga àti orin ìdágbére ló gbà á lọ́kàn. Fọ́ọ̀mù di ohun ìgbàgbé.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, òun náà ló gé páálí, tó kọ nọ́ńbà, tó lẹ̀ wọ́n mọ́ tábìlì, láti orí ìkíní dé ìkejìlélógójì. Láàárọ̀ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń júwe ìjókòó fún wa, ó sì bá mi wí pé mo pẹ́. Nígbà tí a jókòó tán, alábòójútó ìdánwò ní kí òun náà lọ jókòó.

Ó rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún rìn padà. Kò sí tábìlì kan tó ṣófo.

"Orúkọ ẹ ò sí níbí," ni alábòójútó wí.

Ó ṣí báàgì, ó fa fọ́ọ̀mù náà yọ, ó nà án sí i. Ọkùnrin náà kà á délẹ̀.

"Ipò yìí mà pọ̀ o," ló wí, ó sì dá a padà fún un.

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ tí ojú yóò ti ọmọ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò dùn mọ́ mi. Wọ́n ní kó bọ́ síta. Bó ṣe dé ìta, ọ̀gá ilé ìwé rí i, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kó lu aago kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ó lù ú. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó mú aṣọ tuntun náà kúrò lára ògiri, ó ká a sínú àpótí. "Aṣọ ò ní jẹrà," ló sọ. "Ó máa dúró dè ẹ́ títí ọwọ́ ẹ á fi dilẹ̀." Ọdún kan gbáko ni Ọwọ́-mi-dí fi tún kíláàsì náà ṣe láàárín àwọn àbúrò wa, àwọn yẹn kò sì jẹ́ kó lu aago.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ kọ́gbọ́n. Kò burú kí èèyàn ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ipò kì í ṣe iṣẹ́, ariwo kì í sì í ṣe ìtẹ̀síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń di ẹrù yín lé orí ẹni tó fẹ́ràn ìyìn, ẹ mọ̀ pé ẹ̀bi yín wà níbẹ̀. Bí o bá ń ka èèyàn, máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ.