Ẹsẹ̀ Inú Fóònù

Egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì Ìyá Aránṣọ, ó sì ti wà níbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló ń bá a fínra. Dókítà sọ ọ́ lójúkojú pé bí egbò náà bá jinná, ẹsẹ̀ á dúró. Bó bá ń jẹ wọlé, wọn á gé e. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ló dáhùn.

"Kò ní jẹ wọlé, sà."

Ilé ìwòsàn jìnnà, ẹni tó sì ń po ìyẹ̀fun láràárọ̀ kò lè máa gbé ìyá rẹ̀ lọ gbé e bọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn ò le. Kí ìyá máa fi fóònù ya ẹsẹ̀ rẹ̀, kó máa fi í ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ọ́fíìsì tí yóò máa wò ó. Nọ́ọ̀sì yìí kò rí ìyá náà rí, ṣùgbọ́n ohùn ni yóò máa fi fèsì, nítorí ìyá kò mọ̀wé.

Ọjọ́ Ìsinmi lọmọ wá kọ́ ọ.

"Ẹ tẹ ibi róbótó yìí. Ẹ rọra, Màmá, ẹ ò pa kòkòrò."

"Ìwọ náà rọra. Nígbà tí mò ń kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi okùn sínú abẹ́rẹ́, ṣé mo pariwo lé ẹ lórí?"

"Ẹ gbá mi létí, Màmá."

"Ìgbátí kì í ṣe ariwo."

Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà. Kó tó yà á, ó wọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti sán kúrò nílẹ̀, ó sì fi aṣọ bo ibi tí ẹ̀rọ náà ti dípẹtà.

"Màmá, ẹ kàn ń kọ́ ọ ni. Kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Àwòrán ṣá ni. Ojú aṣọ là ń kọ sí oníbàárà, ọmọ mi. Ta ló ń fi ojú ìránpọ̀ hàn án?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Nínú àwòrán ìgbéyàwó ìyá tó wà lára ògiri lókè orí wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ni ìyàwó kọ síta, nítorí eéwo tó sọ ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Aránṣọ ti mọ̀ ọ́n. Ó ń yà, ó ń fi ránṣẹ́, ó ń gbọ́ èsì, kò ké sí ẹnikẹ́ni. Bàbá Aago, tó ń tún aago ṣe ní ẹnu ọ̀nà kejì, ní òun ò rí irú rẹ̀ rí.

"Ìyá Aránṣọ ti di akẹ́kọ̀ọ́! Ìgbà wo lẹ máa wọ yunifásítì?"

"Ẹ jẹ́ kí aago ara ògiri yín kọ́kọ́ lọ ná, kẹ́ ẹ tó máa fi mí ṣẹ̀sín."

Bí ọjọ́ àwòrán bá pé, ìyá á gbé omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, á fọ ẹsẹ̀, á fi ìpara pa á, á tẹ́ àjákù léèsì funfun sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á ti ìlẹ̀kùn. Èsì kì í pẹ́ dé.

"Ẹ kú ìtọ́jú, Mà. Ẹsẹ̀ yín mọ́, ó dára gan-an. Ara yín gba oògùn!"

Á gbọ́ ọ, á tún un gbọ́, títí Bàbá Aago fi mọ̀ ọ́n sórí.

Ọmọ ní kí òun wo egbò náà. Ìyá fa ẹsẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì sábẹ́ ìró.

"Dókítà búrẹ́dì! Àwọn tó kàwé ti wò ó. Gbà, wo tinú fóònù."

Ọmọ fi ìka tí ìyẹ̀fun kún gba fóònù. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà mọ́, ó ń dán, kò ní àpá. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Búrẹ́dì wà nínú ààrò nílé, nítorí náà kò wò ó pẹ́. Lọ́fíńdà ń ta sánsán nínú yàrá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì ní egbò ti jinná, kí Màmá dá oògùn dúró. Ìyá da ìyókù sínú agolo bọ́tìnnì.

"Ṣé kò dùn yín mọ́, Màmá?"

"Ó ń dùn mí o. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ó ti jinná, ta ni mo jẹ́ tí màá bá a jiyàn?"

Ọmọ yan búrẹ́dì aládùn, ó pín in fún gbogbo ojúlé. Ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé òun lòun kọ́ ìyá òun.

Bàbá Aago ló rí i pé ìlẹ̀kùn ìyá kò ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi gbé ìyá dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ẹsẹ̀ òsì sì ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní orúnkún làwọn á ti gé e, ìyẹn bí wọn ò bá ti pẹ́ jù.

Ọmọ pariwo mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ó ti jinná! Ẹ̀yin lẹ ní ká dá oògùn dúró! Ẹ wò ó, ẹ wo àwòrán tá a fi ránṣẹ́ sí yín!"

Dókítà gba fóònù. Ó wo àwòrán náà, ó wo orí bẹ́ẹ̀dì, ó tún wo àwòrán náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹsẹ̀ ta lẹ yà yìí?"

Ìyá Aránṣọ la ojú díẹ̀, ó rí léèsì funfun nínú fóònù, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ni, sà, àbí ẹ rò pé màá gbé ẹsẹ̀ tó ń rà síwájú àlejò, nígbà tí mo ní èyí tó dára?"