Ọkọ̀ Tí Kì Í Yí Orí

Lọ́dún 1975, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Fìdítì rán Díákónì Olúbọ̀dé lọ sí èbúté Apápá kó lọ dúró de sìmẹ́ǹtì. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì ju èjìká lọ, òjò sì ti ń wẹ̀ ẹ́ lulẹ̀. Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló ṣe onígbọ̀wọ́ Solomon tó ta sìmẹ́ǹtì náà fún ìjọ.

Solomon na ìka sí ọkọ̀ ńlá kan lójú omi. "Inú ìyẹn lẹrù yín wà, bàbá. Tó bá ti wọlé, ẹ ó rí mi."

Ọkọ̀ tó ń retí ààyè pọ̀ níbẹ̀ bí agbo màlúù. Ojoojúmọ́ ni Olúbọ̀dé ń jókòó létí omi, tó ń wò wọ́n. Bí omi bá ń kún, gbogbo wọn á kọjú sókun. Bó bá ń fà, wọ́n á kọjú sílùú. Tirẹ̀ nìkan ni kì í yí.

"Ìyẹn dúró ṣinṣin," ló wí.

Lékeélékeé tẹ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀. Inú Olúbọ̀dé dùn, ó rántí alápáǹdẹ̀dẹ̀ inú Sáàmù tó rí ibùgbé lẹ́bàá pẹpẹ Olúwa. Wọ́n pa ọmọ, ọmọ hu ìyẹ́, wọ́n fò lọ. Ọkọ̀ ò mira.

Kíkẹ́lọmọ, tó ń yan ẹja nítòsí, a máa kúnlẹ̀ kí i jẹ́ẹ́. "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá." Á fún un lẹ́ja, kì í gbowó. Bí àwọn ẹlẹ́ja yòókù bá ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ rọra. Ṣé ẹ ò rí bàbá ni?"

Nígbà tó yá, Àbọ̀dé àbúrò Olúbọ̀dé wá láti ilé. "Ẹ̀gbọ́n, ògiri apá ọ̀tún ti wó. Wọ́n ní ṣé ẹ ń po sìmẹ́ǹtì ọ̀hún mu ni."

"Mi ò ní fọwọ́ òfo wálé."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kan tó dé lẹ́yìn Olúbọ̀dé wọ èbúté. Olúbọ̀dé sọ òkúta sómi. Ó sọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ló pe Kíkẹ́lọmọ.

"Ọmọ mi, bá mi gbàdúrà kí ọkọ̀ yẹn gbéra. Sìmẹ́ǹtì ìjọ wa ló kó."

Kíkẹ́lọmọ gbé àwo ẹja sílẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "ọkọ̀ yẹn ti kú sórí yanrìn kí ogun Bìáfúrà tó parí, àṣé ẹ ò ní èèyàn kankan nínú àwọn tó kú sínú rẹ̀?"