Orúnkún Ìbídùn

Láràárọ̀, Màámi máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń tàn bí egungun bá ń dàgbà lé àwa ọmọ wọn méjèèjì lórúnkún. Bí inú ọmọ bá dùn, oje ìdùnnú ara rẹ̀ á jí egungun rírọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ á sì gùn sí i. Ẹ̀rọ Ìbídùn, àbúrò mi, tún tàn yòò. Tèmi ò tàn.

"Fadérera, owú tí ò ń jẹ yìí ni ò jẹ́ kó o ga," Màámi wí.

Ta ni ò ní jowú? Síkẹ́ẹ̀tì tí ò gba Ìbídùn mọ́ ni wọ́n jù sí mi. Èmi àkọ́bí, mò ń jogún aṣọ àbúrò!

Ìbídùn kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ káàárọ̀ mà, àǹtí mi."

Lórí ìkúnlẹ̀ náà, ojú wa dọ́gba.

Mo ní kó kúkú dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.