Àyẹ̀wò ní Ilé Ìtọ́jú Eyín Alhaji Gàní

Ìjọba ní aago mẹ́wàá ni aláyẹ̀wò ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, Saeedah ti nu àga tí wọ́n ti ń yọ eyín lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ̀, Alhaji Gàní, jókòó sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí Táíwò Road, ó ń mu tíì. Ìdajì kọ́ọ̀bù ni Saeedah bù fún un, nítorí kọ́ọ̀bù tó bá kún kì í dé ẹnu rẹ̀ mọ́ láì dà sílẹ̀.

Ó ti pé ọdún méjì tí ọwọ́ Alhaji ti ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ jáde. Alhaji ti yọ eyín fún ìyá, fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní Ìlọrin, ta ni yóò wá kò ó lójú pé ó tó gẹ́ẹ́? Dókítà eyín ni Saeedah náà, ṣùgbọ́n ọmọ ni níwájú bàbá rẹ̀. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí Alhaji máa dúró níbi orí aláìsàn, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ó ní kí ó di ojú. Bó bá ti ní "Bísímílà," Saeedah a fa eyín yọ láìfọhùn. Aláìsàn a lajú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji. Orúkọ Alhaji náà ni Saeedah ń kọ sínú káàdì.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Saeedah pẹ́ dé, Alhaji sì ti dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Rahama, aránṣọ kan ní àdúgbò Fate, ló wà lórí àga. Irin tí wọ́n fi ń yọ eyín ti yẹ̀ lọ́wọ́ Alhaji, ó ti ya á láhọ́n. Saeedah rán ahọ́n náà, ó sì kọ sínú káàdì pé aláìsàn ló mi orí. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí káàdì yẹn, ojú a tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Kò pa ohun tó kọ rẹ́ ṣá.

Aago mẹ́wàá géérégé ni Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé, aláyẹ̀wò, gun àtẹ̀gùn wọlé. Saeedah ti bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó kó ọwọ́ sínú agbádá. Alhaji kí obìnrin náà dáadáa, ó tún bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán.

"Ẹnìkan ló kọ̀wé sí wa, sà," ni Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé wí. "Wọ́n ní ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n."

Rahama ni, ó dá Saeedah lójú.

Alhaji yíjú sí i. "Saeedah, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń ṣiṣẹ́. Sọ ohun tó o rí fún wọn."

"Irọ́ ni, mà. Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ Bàbá."

Obìnrin náà gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú Alhaji pé kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Saeedah ti mú bírò. "Ẹ jẹ́ n bá wọn kọ ọ́, mà. Wọ́n gbàgbé awò ojú wọn sílé." Awò náà wà nínú àpò Alhaji.

"Kí Bàbá kàn bá mi di ẹ̀mú tí ẹ fi ń yọ eyín yẹn mú, kí n rí i," ni Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé wí.

Alhaji dìde kíá. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó yọ nínú agbádá, Saeedah ti gbé abọ́ tí ẹ̀mú wà nínú rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Àtìní lòní, mà. Ààwẹ̀ nàfílà wà lẹ́nu wọn, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ forí jì wá."

Kọ́ọ̀bù tíì ṣì wà lójú fèrèsé. Alhaji wo kọ́ọ̀bù, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì rọra jókòó padà. Saeedah kò lè wò ó lójú. Ó ti fi ààwẹ̀ purọ́ níwájú ẹni tó kọ́ ọ ní ìrun kíkí. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, yóò wọ inú rẹ̀ lọ.

Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé ṣí àwọn káàdì wò, ó rí ti Rahama, ó sì fi fóònù pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó sì bi í nípa ahọ́n rẹ̀.

"Ahọ́n mi? Ó ti jinná, alhamdulilahi." Ọ̀rọ̀ ṣì ń fà lẹ́nu Rahama. "Èmi ni mo mi orí, mà. Ta ló fẹ́ ba Alhaji lórúkọ jẹ́? Àwọn ló yọ eyín ìyá mi. Ẹ bá mi kí wọn gan-an ni o."

Saeedah kẹ́yìn sí wọn. Ẹni tí wọ́n ya láhọ́n ló ń fi ahọ́n náà gbèjà wọn. Alhaji ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn.

"Ó tán, Dókítà," ni Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé wí. "Mo ti fẹ́ gba ìwé àṣẹ Bàbá tẹ́lẹ̀. Báyìí, màá kọ ọ́ pé wọ́n purọ́ mọ́ Bàbá ni. Kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ." Ó fa bébà kan yọ nínú fáìlì. "Lẹ́tà ọ̀hún rèé. Kò sí orúkọ níbẹ̀, ó sì jọ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi kọ ọ́ kí a má baà dá wọn mọ̀. Ẹ wò ó, bóyá ẹ̀yin á mọ ẹni náà."

Lẹ́tà náà kò ju ìlà méjì lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló sì wọ́ gbọ̀n-ọ̀n gbọ̀n-ọ̀n bí bàbá Saeedah ṣe ń kọ̀wé láti ọdún méjì: "Ọwọ́ dókítà àgbà Ilé Ìtọ́jú Eyín Alhaji Gàní ti ń gbọ̀n. Ẹ wá gba irin lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pa ènìyàn, ojú ń tì í láti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò lè ṣe é mọ́."