Orúnkún Tó Mọ Òjò

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́. Yàrá kejì ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ kò gbọdọ̀ rí ohun tó bá sọ títí ìdánwò yóò fi parí. Ọmọbìnrin tó gbé e wá ló ṣàlàyé.

"Kì í sọ ti ọ̀la," ó ní. "Wákàtí méjì tó wà níwájú nìkan ló ń sọ. Yóò sọ tirẹ̀ ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀, Bàbá yóò fi tiwọn sínú àpòòwé kó tó di agogo méjìlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún la ó fi ṣe é. A ó sì máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àwọn kan nígboro tí òjò lè ba iṣẹ́ wọn jẹ́, ká lè mọ̀ bó bá wúlò fún wọn."

Bàbá Òjò ni bàbá tó ń wí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé tó ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń parí ọ̀rọ̀, Bàbá Òjò ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni èyí tí ọ̀gá àgbà fi kún un: bí ẹ̀rọ bá borí, ẹ̀rọ ló ni àga, Bàbá Òjò yóò sì lọ máa tọ́jú ìwé àtijọ́ ní yàrá ìsàlẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

"Ẹni tó ni òjò kò bá irin dá májẹ̀mú," Bàbá Òjò wí.

"Ṣé ó wá bá ẹ̀yin dá a, sà?" ọmọbìnrin náà bi í.

Lọ́jọ́ kìíní, oòrùn mú ganrínganrín. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo méjìlá lù, Bàbá Òjò sì ti gbé bírò láti kọ ọ́ pé òjò ò ní rọ̀, ló bá rántí pé òun gbàgbé oúnjẹ òun sílé. Ó pe ìyàwó rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni Ìyá wọn, okùn aṣọ ló kún ẹ̀yìnkùlé wọn láti ògiri dé ògiri.

"Ẹ̀yin náà tún rèé. Fóònù yìí ò jẹ́ kí n sinmi láàárọ̀ yìí," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ dúró ná, mò ń kó aṣọ wọlé."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Òjò ń bọ̀, Bàbá wọn."

Bàbá Òjò wo ojú ọ̀run. Ìkùukùu kan péré ló wà níbẹ̀, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìgbà náà ló rántí orúnkún. Ìyá wọn ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́dún tí wọ́n bí àbígbẹ̀yìn wọn, láti ìgbà náà, bí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí, orúnkún á kọ́kọ́ gbọ́. Ó fa ìwé ya, ó kọ òmíràn: òjò yóò rọ̀ kí agogo kan tó lù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo kan lù, omi ti ń dà wìì lórí òrùlé.

Láti ọjọ́ náà, bí àkókò bá ti tó, Bàbá Òjò á jáde lọ dúró sẹ́bàá ẹ̀rọ omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sófin tó ní kí ọkùnrin má béèrè ilé rẹ̀.

"Ìyá wọn, o kú iṣẹ́. Aṣọ ńkọ́?"

"Ó wà lórí okùn."

Á wọlé, á kọ ọ́ pé òjò ò ní rọ̀. Òjò kì í sì í rọ̀.

"Látọjọ́ tá a ti fẹ́ra, ẹ ò bi mí léèrè aṣọ rí," Ìyá wọn wí lọ́jọ́ kan. "Kí lẹ jẹ tó dùn tó báyìí?"

"Ìfẹ́ ló ń dàgbà sí i."

"Kó má mọ sórí fóònù nìkan o, ẹ wálé wá bá mi fún aṣọ."

Ọmọbìnrin ẹlẹ́rọ náà ti kíyè sí i. "Sà, àdúrà wo lẹ máa ń gbà lẹ́bàá omi yìí?"

"Ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún," Bàbá Òjò dáhùn, ó sì kọjá lọ.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì nìkan ló dójú tì wọ́n. Ìyá wọn ti kó aṣọ wọlé, Bàbá Òjò ti kọ òjò, oòrùn sì ràn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó délé, aṣọ tútù wà lórí gbogbo àga, kò ríbi jókòó.

"Ó tàn mí jẹ lónìí," Ìyá wọn wí.

Bàbá Òjò wo orúnkún ìyàwó rẹ̀. Ẹran ara ṣáà ni. Ó dárí jì í.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ṣí àpòòwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún lójú ọ̀gá àgbà. Ọmọbìnrin náà kà á, ó tún un kà.

"Ẹ̀rọ gba mẹ́tàlélógún," ó ní. "Bàbá náà gba mẹ́tàlélógún. Ọjọ́bọ̀ tí ẹ̀rọ ṣì í, Bàbá náà ṣì í. Mo ti ṣe ìdánwò yìí níbi mẹ́rin, sà, n ò rí irú èyí rí."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju Bàbá Òjò lọ, kí la fẹ́ fi ṣe? Di ẹrù ẹ, ọmọ mi. Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni àga yín. Láti ọ̀la lọ, orúkọ yín nìkan ni yóò máa wà lábẹ́ ìkéde ọ̀sán, kí ará ìlú lè mọ ẹni tí wọ́n máa dì mú."

Ọmọbìnrin náà yọ okùn iná ẹ̀rọ, ó sì kí Bàbá Òjò kú oríire.

Bàbá Òjò ra òróró ìpara lọ́nà. Ìyá wọn wà lórí àga nígbà tó wọlé, ó gbé fóònù sójú, kò tilẹ̀ wòkè.

"Na ẹsẹ̀ ẹ, kí n bá ẹ fi òróró pa orúnkún yìí," Bàbá Òjò wí, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ọlọ́run yóò bù kún un. Ṣùgbọ́n kó má tíì jẹ́ kó san o."

"Orúnkún wo? Ó ti san látèṣí tí dókítà ti gún mi lábẹ́rẹ́. N ò gbúròó ẹ̀ mọ́."

Bàbá Òjò ṣì mú ìdérí òróró dání.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi bẹ àwọn ará ibi iṣẹ́ yín," Ìyá wọn wí, ó sì na fóònù sí i, "ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yín ń fi ránṣẹ́ sí àwa alágbàfọ̀ ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀ lójoojúmọ́, pé ká sá aṣọ tàbí ká kó o wọlé, wọ́n ní ó ti parí lónìí."