Àga Tó Ń Di Ibùsùn

Oníṣirò owó tẹ bọ́tìnnì, àga rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú sì nà gbọọrọ bí ibùsùn. Ẹ̀rín rẹ̀ ò ṣeé pa mọ́ra.

"Póìntì tí mo kó jọ lórí káàdì ìrajà mi ni mo fi gbà á," ó sọ fún ìyá àgbà tó jókòó nítòsí. "Kọ́bọ̀ ò jáde lápò mi!"

"Ẹ kú oríire. Ta lẹ ń lọ kí lọ́hùn-ún?"

"N ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni póìntì mi ti níye lórí jù ni. Màmá mi ní kí n wá wo àwọn, àmọ́ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn ò jìn rárá! Kí n wá ná gbogbo póìntì mi sórí ìyẹn? Ṣé kí n máa fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni?"

Fóònù rẹ̀ dún. Màmá rẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, mo ti kanlẹ̀kùn títí. Ilé rẹ dákẹ́ rọ́rọ́."

"Ilé mi kẹ̀? Màmá, báwo lẹ ṣe débẹ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n gba káàdì olópóìntì. Gbogbo ẹ̀ ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi ń káàánú mi, ó ní mo pàdánù, pé ọ̀nà ò jìn tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé ó mọ ẹni tí mo ń lọ wò ni?"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgà. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra da aṣọ ìbora bo oníṣirò lẹ́sẹ̀ bí ọmọ tuntun.

"Ọmọ mi, ibo lo wà?"