Jàfárù Lábẹ́ Afárá

Ìfọ́nnu ni àrùn Jàfárù. Tí ẹ bá kí i ní "Ẹ kú àárọ̀," ogun ni yóò fi dá yín lóhùn.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí tó padà sí Ayọ̀bọ̀, ó ní ẹnjinníà ológun ni òun, ara àwọn sójà tó ń tẹ́ afárá kí ọmọ ogun lè rí odò kọjá. "Ọpẹ́lọpẹ́ èmi," á gbáyà, "gbogbo ọ̀gágun ì bá ti mumi yó!" Àwa náà á pàtẹ́wọ́. Ta ló máa bá sójà jiyàn?

Owó epo rọ̀bì dé, oníkálukú ń kọ́lé. Sìdíkátù, ìyá Àdíját, tó ń ta símẹ́ǹtì, ra lọ́rì tuntun, ṣùgbọ́n odò dí i lọ́nà. Ló bá bẹ Jàfárù pé kó tẹ́ afárá. Ọ̀gbẹ́ni ní, "Ìyẹn kékeré jàre!" Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó to pákó, ó kan ìṣó, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún. Háà, afárá náà rẹwà! Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, èrò kún bámú. Babárìndé, sájẹ́ǹtì tó fẹ̀yìntì nínú àwọn ẹnjinníà ológun gan-an, wá wòran láti Igando.

"Ọmọ ẹgbẹ́ mi!" ló ń pariwo. "O ṣáà mọ àṣà wa: ẹni tó tẹ́ afárá ló ń dúró sábẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá ń kọjá. Ó yá, bọ́ sábẹ́!"

Kí Jàfárù tó wí nǹkan kan, àwọn ọ̀dọ́ ti gbé e sódò, omi mù ún dé ìbàdí. Sìdíkátù jókòó níwájú lọ́rì, ó ń juwọ́ sí wa, símẹ́ǹtì kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Táyà gun pákó. Pákó ké kẹ̀ẹ́ẹ́!

"Ẹ dúró!" Jàfárù figbe ta. "Ìyá Àdíját, ẹ má kú sí mi lọ́rùn o! Mi ò tẹ́ afárá rí! Ọbẹ̀ ni mo ń sè fún wọn lójú ogun! Ọbẹ̀!"

Dírẹ́bà sáré fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn. Jàfárù fò jáde, afárá sì wó gbàà sínú omi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Sìdíkátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì.

"Jàfárù, ṣé o fẹ́ sọ ọmọ mi di aláìníyàá ni?"

Jàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Sìdíkátù ní kó fi orí ru gbogbo símẹ́ǹtì náà la odò kọjá. Ó rù ú títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà. Babárìndé wá tẹ́ afárá gidi, Jàfárù sì ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọbẹ̀ náà dùn débi pé inú bí wa: kí ló dé tó fi èyí pa mọ́?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ fi yangàn. Àwọn tó tẹ́ afárá lójú ogun fi ẹ̀mí ara wọn dúró fún un; ẹni tó bá gba orúkọ wọn lò láìmọ iṣẹ́ wọn, ẹ̀mí ọmọlọ́mọ ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bọ́ ọmọ ogun, òun náà jagun, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Irọ́ ló ń sọ ènìyàn di ẹlẹ́yà.